Alfa Oníbíbélì àti Ọmọ Apẹja

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Bàrígà ló ń sọ ọ̀rọ̀ Àbdùlláhì Rájí àti Tabitha, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ló mọ̀ pé orí ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀, àti pé ńṣe ni Àbdùlláhì ṣi ẹsẹ náà kà.

Bí àlejò bá dé Abúlé Òkúta tó ní òun ń wá Àbdùlláhì Rájí, àwọn ará àdúgbò lè kọ́kọ́ máa wo ara wọn lójú. Ṣùgbọ́n bó bá ní Alfa Oníbíbélì lòun ń wá, wọ́n á tọ́ka sí ilé rẹ̀ kó tó pa ẹnu dé. Oníwàásù ni. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ kò pọ̀, ohùn ló pọ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Láàárọ̀, iṣẹ́ olùkọ́ kéwú ló ń ṣe. Bó bá di òpin ọ̀sẹ̀, á kó ìwé sápò, á lọ bá àwọn olùṣọ́àgùntàn jiyàn ẹ̀sìn ní gbọ̀ngàn àti ní ìta gbangba, láti Onípanù títí dé etí ọ̀sà. Olùṣọ́àgùntàn á ṣì máa ṣí ìwé wá ẹsẹ, Àbdùlláhì á ti ka ẹsẹ náà tán lórí, á dárúkọ ìwé, á sọ orí, á sọ ẹsẹ. Àwọn èrò ẹ̀yìn rẹ̀ á bú sí "Aláhù Akbar", kò sì ní sí ẹni tó tún gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ mọ́.

Kò sí ilé-ìwé tó ti kọ́ Bíbélì yìí. Lẹ́nu ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Ìyá náà, Rọ̀kíbátù, ọmọ onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Tolúwalọpẹ́ ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ó di Mùsùlùmí nígbà tó fẹ́ bàbá Àbdùlláhì, kò sì kábàámọ̀ ẹ̀sìn tó yàn. Ṣùgbọ́n ìtàn tó mọ̀ ló fi ń rẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún: ìtàn Jósẹ́fù àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìtàn Jónà nínú ẹja. Ní báyìí tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ọmọ òun mọ ohun tí yóò fi dá olùṣọ́àgùntàn lóhùn, kò mọ ohun tí yóò fi kí obìnrin.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ọdún kan, Àbdùlláhì kọ ìwé pélébé kan, ìbéèrè mẹ́wàá tó ní kò sí Kristẹni tó lè dáhùn wọn. Ó gbé e lọ sí Ṣómólú, sí àdúgbò àwọn atẹ̀wé, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ké látàárọ̀ dalẹ́ tí òórùn yíǹkì sì gba gbogbo òpópónà. Ní ilé ìtẹ̀wé tó yàn, ọmọbìnrin kan ló ń to ọ̀rọ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Tabitha lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó ti kàwé gboyè ní Akọkà, àmọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀ wù ú ju ọ́fíìsì lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, Àbdùlláhì lọ yẹ iṣẹ́ náà wò. Ó dára lójú rẹ̀, kò sí àmì ohùn tó ṣìnà. Ojú ewé keje nìkan ló ṣófo. Ó bi Tabitha kí ló dé.

"Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè, Alfa," ni Tabitha dáhùn. "Ẹ kọ ọ́ síbí pé Jésù ní kí wọ́n mú àwọn ọ̀tá òun wá, kí wọ́n sì pa wọ́n níwájú òun. Ìwé Lúùkù, orí kọkàndínlógún, ẹsẹ kẹtàdínlọ́gbọ̀n."

"Bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ ọ́?"

Àbdùlláhì rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tó máa ń rín lórí pèpéle kó tó gbé ẹni tó ń bá jiyàn ṣánlẹ̀. Ó ní Jésù ló ń sọ̀rọ̀, ta ni ìbá tún jẹ́?

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ kejìlá," ni Tabitha wí. Kò gbé ohùn sókè. "Òwe ni Jésù ń pa. Ọkùnrin ọlọ́lá kan lọ sí ìlú òkèèrè láti lọ gba ìjọba, òun ló sọ̀rọ̀ yẹn nínú òwe. Bí mo bá pàlọ́ fún yín tí ìjàpá jalè nínú rẹ̀, ṣé ẹ ó ní èmi ni mo jalè?"

Ọkùnrin tó ń gé pépà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Àbdùlláhì, ìtìjú náà sì di ìgbéraga lójú ẹsẹ̀. Ó ní iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tẹ ohun tí wọ́n bá gbé fún un, kì í ṣe kó túmọ̀ rẹ̀. Tabitha kò bínú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun yóò tẹ̀ ẹ́. Ó kàn fi kún un pé òun rí i pé Alfa ṣe wàhálà lórí ìbéèrè mẹ́sàn-án yòókù, èyí nìkan ló jọ ohun tí wọn kò fúnra wọn kà.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bá a délé, nítorí òótọ́ ni. Ẹnu oníwàásù mìíràn ló ti gbọ́ ẹsẹ náà, kò ṣí i wò rí. Kí ó tó kírun Aláásárì, ó mú Bíbélì ìyá rẹ̀, ó ka orí náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló rántí olùkọ́ kéwú rẹ̀ tó máa ń sọ pé ẹni tó bá ka "Ègbé ni fún àwọn olùkírun" tó sì dákẹ́ síbẹ̀, irọ́ ló pa mọ́ Ọlọ́run, nítorí ẹsẹ tó tẹ̀ lé e ló sọ irú olùkírun tí à ń bá wí. Ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ni Àbdùlláhì fi máa ń na àwọn olùṣọ́àgùntàn tó bá gé Àlùkùránì ládàágékù. Òun náà ló wá gé ti ẹlòmíràn yìí.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ó ti wà ní Ṣómólú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ìwé ti jáde, wọ́n ti ká a, àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti wá kó o lọ pín fún àwọn tó ń bọ̀ wá kírun Jímọ́ọ̀. Ó dúró síwájú Tabitha bí ọmọ kéwú tí kò mọ wáláà rẹ̀, ó ní òdodo lọ́rọ̀ rẹ̀, òun sì ti kọsẹ̀.

Tabitha kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fa àga kan fún un.

"Ẹ jókòó, Alfa. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹ̀yin lẹ́ni àkọ́kọ́ tó gba àṣìṣe rẹ̀. Àwọn tó kù, kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi."

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tí Àbdùlláhì kọ tí kò gbé fún Tabitha kó kọ́kọ́ kà á. Òun náà á fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibi tó bá wọ́. Lọ́sàn-án, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé ìtẹ̀wé níbi tí gbogbo ayé ti ń rí wọn, wọ́n á máa jiyàn lórí Ábúráhámù, lórí ààwẹ̀, lórí ohun tí àdúrà ń ṣe lára ẹni tó ń gbà á. Nígbà tó yá, wọn kì í jiyàn mọ́ ní gbogbo ìgbà. Tabitha á sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ tó ń pẹja lórí ọ̀sà, àti ìyá rẹ̀, Sabina, tó ń yan ẹja tà. Àbdùlláhì á sọ nípa bàbá tirẹ̀ tó kú. Ó ti wá ń ká Àbdùlláhì lára bí ọjọ́ Sunday bá dé tí ilé ìtẹ̀wé tì pa.

Ọ̀rọ̀ náà dẹ́rù bà á. Ó bi ara rẹ̀ bóyá èṣù ló ń fi ọgbọ́n obìnrin yìí dán òun wò. Ó kírun nọ́fílà, ó bẹ Ọlọ́run kó bá òun yan èyí tó dára, kó sì yọ ọkàn òun kúrò níbẹ̀ bí kò bá sí oore nínú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò yẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹfà, bí ó ṣe ń sin Tabitha lọ sí ọ̀nà Akọkà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sọ ọ́ fún un pé òun fẹ́ ẹ níyàwó.

Tabitha dúró. "Mo ti mọ̀, Alfa. Bírò pupa mi ti tán lórí ìwé yín, ẹ sì tún ń kọ òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Mi ò ní di Mùsùlùmí nítorí ọkọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbé mi dúró lórí pèpéle bí ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ́gun ni, ẹ wá ẹlòmíràn lọ."

"Mi ò ní purọ́ fún ọ," ni Àbdùlláhì wí. "Mò ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kó o di Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo bá wá. Ìwọ ni mo bá wá. Ẹ̀sìn mi fún mi láyè láti fẹ́ ọ bó o ṣe wà."

"Èmi náà ń gbàdúrà kẹ́ ẹ di Kristẹni," ni Tabitha dáhùn, ni àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín láàárín ọ̀nà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá sì ń wò wọ́n.

Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́ lẹ́nu wọn. Alfa Sàláwù, àgbà tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn oníwàásù náà, gbọ́, ó sì pe Àbdùlláhì. Ó ní òun mọ̀ pé kò léèwọ̀, ṣùgbọ́n ohun gbogbo tí kò léèwọ̀ kọ́ ló yẹ oníwàásù. Kí ni wọn yóò sọ fún èrò bí ìyàwó Alfa Oníbíbélì bá ń gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi?

Àbdùlláhì rò pé ìyá òun yóò gbè é, nítorí ibi tó ti wá. Àmọ́ Rọ̀kíbátù gbọ́rọ̀ náà tán, ó yí ojú sí ògiri. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tí kò sọ rí.

"Bàbá mi kò wá síbi ìgbéyàwó mi, Àbdùlláhì. Ó ní ọmọ òun ti kú. Ọdún mọ́kànlá ló fi wà láyé lẹ́yìn náà, kò wo ojú mi títí wọ́n fi sin ín. Ìfẹ́ bàbá rẹ tó mi, mi ò jẹ gbèsè ìfẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ mìíràn ru ẹrù yẹn wá sílé mi. Bí bàbá rẹ̀ kò bá fi ẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀, má gbé e wá."

Ẹni tó kù nìyẹn, bàbá Tabitha. Samson ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n Bàbá Wonder ni gbogbo Ìlàjẹ etí ọ̀sà mọ̀ ọ́n sí, nítorí Wonder ni àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin. Tabitha fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún un. Bàbá náà kò pariwo. Ó gbé àwọ̀n tó ń tún ṣe sílẹ̀, ó ní òun mọ Alfa yẹn dáadáa. Ó ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, òun ń ti ọ̀dọ̀ ẹni tó bá òun tún àwọ̀n ṣe bọ̀, òun sì kọjá níbi tó ti ń wàásù ní oríta Abúlé Òkúta. Ó ní ohun tí òun gbọ́ níbẹ̀ kò tíì kúrò létí òun. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan lé ọ̀rọ̀ kan.

Ní ọjọ́ kejì, Tabitha wá bá Àbdùlláhì lẹ́nu ọ̀nà ilé kéwú. Kò jókòó.

"Ṣé ẹ sọ ọ́ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn rí pé nígbà tí Jésù ń wá ọmọ ẹ̀yìn, apẹja ló rí, àwọn tí òórùn ẹja kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀wé?"

Àbdùlláhì fẹ́ sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń la ẹnu ni ìrántí dé. Ó rí oríta náà, ó rí àwọn èrò, ó rí bàbá àgbàlagbà kan tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, àwọ̀n léjìká, tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Òun gan-an ló na ìka sí i. "Ẹ ò rí i, ọ̀kan nínú wọn rèé." Gbogbo èrò sì rẹ́rìn-ín.

"Mo sọ ọ́," ni ó wí. "Ẹ̀rín àwọn èrò ni mò ń wá."

"Bàbá mi lẹ fi wá a." Omi ti lé sójú Tabitha. "Ẹja tí òórùn rẹ̀ ń rùn yẹn ló rán mi lọ sí yunifásítì. Mo nífẹ̀ẹ́ yín, Alfa, mi ò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mi ò lè kọjá lórí bàbá mi lọ sílé ọkọ. Ẹ má wá sí ilé ìtẹ̀wé mọ́, àfi bí òun bá rán yín."

Oṣù mẹ́rin kọjá. Àbdùlláhì kọ́mọ ní kéwú, ó jẹun, ó kírun, ara rẹ̀ sì ń joro. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ránṣẹ́ sí Bàbá Wonder pé òun fẹ́ wá tọrọ àforíjì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá náà ní òun kò sí nílé fún un. Àbdùlláhì wá ń rò ó pé ẹni tí a bú ní gbangba, a kò lè bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Bí ìyẹn ṣe wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ó mọ ohun tí yóò ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù rẹ̀.

Ní oṣù náà ni ìjíròrò ńlá kan ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní Bàrígà. Ẹni tí yóò ṣojú àwọn Kristẹni ni Olùṣọ́àgùntàn Dáraolúwa Adéjìmí, àgbà onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni ọgọ́ta ọdún tí kì í sáré sọ̀rọ̀. Gbogbo ìjọ àdúgbò ló gbára lé e. Ní ọ̀sán Sátidé yẹn, gbọ̀ngàn kún títí dé ojú fèrèsé. Alfa Sàláwù wà níwájú pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́. Ní apá kejì, àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun láti etí ọ̀sà tò sórí ìjókòó, Bàbá Wonder wà láàárín wọn, Tabitha sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àbdùlláhì ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Àwọn èrò ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń kọ "Aláhù Akbar" kó tó dé ìdí ẹ̀rọ. Ó gbọ́wọ́ sókè títí wọ́n fi dákẹ́.

"Kí n tó sọ ohun tí mo bá wá, mo jẹ yín ní ọ̀rọ̀ méjì," ni ó bẹ̀rẹ̀. "Àkọ́kọ́, nínú ìwé tí mo kọ, mo ní Jésù pàṣẹ kí wọ́n pa àwọn ọ̀tá rẹ̀. Kò pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Òwe ló ń pa, mo gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí méjì. Ẹni tó bá ní ìwé náà lọ́wọ́, kó fa ojú ewé keje ya. Èkejì, ní oríta Abúlé Òkúta, mo fi iṣẹ́ apẹja ṣẹ̀sín, mo sì nàka sí bàbá àgbàlagbà kan tí kò ṣẹ̀ mí. Bàbá náà wà níbí lónìí. Ẹni tó ń jáde lọ sórí omi pẹ̀lú orúkọ Ọlọ́run lẹ́nu láti bọ́ ọmọ rẹ̀, ó sàn ju oníwàásù tó ń fi orúkọ Ọlọ́run wá ẹ̀rín lọ. Bàbá, mo bẹ̀ yín níwájú gbogbo ẹni tó bá mi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn."

Ó kúrò nídìí ẹ̀rọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pèpéle pẹ̀lú agbádá rẹ̀ funfun.

 Alfa Sàláwù tẹrí ba. Bàbá Wonder dìde, gbogbo ojú yí sí i. Ó rìn jáde ní gbọ̀ngàn, Tabitha sì sáré tẹ̀ lé e.  Àbdùlláhì rò pé ó ti parí nìyẹn. Síbẹ̀, ó dìde, ó gbọn ara rẹ̀, ó sì wàásù. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní kò wàásù bẹ́ẹ̀ rí. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò gé ẹsẹ kankan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lọ tààrà bí omi tó mọ ojú ọ̀nà. Nígbà tó kan Olùṣọ́àgùntàn Adéjìmí, ó fa ìwé pélébé kan yọ lápò, ó ní ojú ewé keje yìí lòun ti ṣẹ́ pọ̀ sílẹ̀ láti fi kan Alfa lábùkù lónìí. Ó fà á ya. Ó wá ní òun náà ti gbé Àlùkùránì rí, tí òun ka "Ẹ má ṣe súnmọ́ ìrun" tí òun kò sì ka ibi tó ti sọ pé nígbà tí ọtí bá ń pa yín, òun sì tọrọ àforíjì. Ní ọjọ́ yẹn, Mùsùlùmí àti Kristẹni pàtẹ́wọ́ pọ̀. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi jiyàn, kò sí ẹni tó fẹ́ lọ sílé.

Ní ọjọ́ Monday, Olùṣọ́àgùntàn fúnra rẹ̀ wá sí ilé kéwú. Ó ní òun ti ti ọ̀dọ̀ Bàbá Wonder bọ̀.

"Ẹ̀rù bà ọ́ pé inú bí i ló fi jáde," ni ó wí. "Ẹkún ló gbé e. Apẹja kì í fẹ́ kí èrò rí omijé òun. Ó ní kí n mú ọ wá, pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ. Bó o bá fẹ́, èmi ni màá ṣe alárinà."

Àbdùlláhì fa àga fún un. Ọkùnrin tó ti bá jiyàn lẹ́ẹ̀mẹ́rin ló wá ń bá a ru ọ̀rọ̀ aya yìí.

Wọ́n lọ ní ọ̀sán Thursday: Àbdùlláhì, ìyá rẹ̀, olùṣọ́àgùntàn, àti Alfa Sàláwù, tí kò bá Àbdùlláhì sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìjíròrò, kó tó wá ní kò sí bí òun yóò ṣe ka òdodo sí ẹ̀ṣẹ̀. Ilé Bàbá Wonder wà létí ọ̀sà gan-an, lórí pákó, afẹ́fẹ́ omi ń fẹ́ wọlé. Sabina, ìyá Tabitha, gbé omi fún wọn. Bàbá Wonder gba ìdọ̀bálẹ̀ Àbdùlláhì, ó ní kó dìde, ọ̀rọ̀ oríta ti lọ pẹ̀lú omi. Ṣùgbọ́n ó ní ìbéèrè mẹ́ta.

Ó kọ́kọ́ bi í bóyá yóò fi ipá mú ọmọ òun kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àbdùlláhì ní rárá, òun fúnra òun ni yóò máa sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó bi í nípa àwọn ọmọ tí wọn yóò bí.

 Àbdùlláhì mọ̀ pé irọ́ kékeré kan lè mú kí ohun gbogbo rọrùn.

"Mùsùlùmí ni wọn yóò jẹ́, Bàbá," ni ó wí. "Mo bá Tabitha sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn yóò mọ bàbá àgbà wọn, kò sì sí ẹni tí yóò fi ẹ̀sìn wọn pín wọn níyà kúrò lọ́dọ̀ yín."

Bàbá Wonder wo ọmọ rẹ̀, tó jókòó ti ìyá rẹ̀. Tabitha mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ti jọ sọ ọ́. Bàbá náà wá mú ìbéèrè kẹta wá, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

"Mo gbọ́ pé ní ọjọ́ yìgì, bàbá tó bá jẹ́ Kristẹni kò lẹ́nu. Wọ́n á wá ẹlòmíràn tí yóò fa ọmọ rẹ̀ fọ́kọ. Ṣé bí ẹni tí kò ní bàbá ni ọmọ mi yóò ṣe lọ?"

Rọ̀kíbátù gbé gèlè bojú. Àbdùlláhì wo Alfa Sàláwù, nítorí kò fẹ́ kó dà bí ẹni pé ẹnu ọkọ ìyàwó ni ìdáhùn náà ti jáde. Alfa àgbà náà sún síwájú lórí àga.

"Bàbá, ẹ̀yin ni," ni ó wí. "Bó bá jẹ́ pé ọmọ yín ti di Mùsùlùmí ni, à bá wá ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n Kristẹni ni, bàbá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe ẹ̀sìn kan náà ló ni ẹnu. Èmi ti so yìgì tí mi ò lè kà mọ́, síbẹ̀ mi ò lè gba ipò yín. Bí ẹ̀yin bá dákẹ́ lọ́jọ́ náà, kò sí yìgì."

Bàbá Wonder ní kó tún un sọ. Alfa Sàláwù tún un sọ. Nígbà náà ni Rọ̀kíbátù kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà, ó sì sọ nípa Ògbómọ̀ṣọ́ fún un, nípa ọdún mọ́kànlá, nípa àga bàbá rẹ̀ tó ṣófo. Ó ní kì í ṣe ìyàwó nìkan ni àwọn wá tọrọ, àwọn wá bẹ bàbá pé kó má ṣe jẹ́ kí àga tirẹ̀ ṣófo lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Sabina ló gbé e dìde. Bàbá Wonder sọ̀rọ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ ní èdè Ìlàjẹ, ó wá kọjú sí olùṣọ́àgùntàn.

"Alárinà, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n mú ọjọ́."

Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n so yìgì, níwájú ilé náà létí ọ̀sà, lábẹ́ ìbòrí tí wọ́n ta. Àwọn alálùkùránì jókòó lápá kan, àwọn aláṣọ funfun jókòó lápá kejì, àwọn ọkọ̀ apẹja sì wà lórí omi lẹ́yìn wọn. Alfa Sàláwù gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síwájú Bàbá Wonder. Bàbá náà dìde, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

"Èmi Samson, bàbá Tabitha, mo fi ọmọ mi fún Àbdùlláhì Rájí láti fi ṣe aya. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi."

"Mo gbà á," ni Àbdùlláhì dáhùn.

"Aláhù Akbar" àti "Halelúyà" jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tó mọ èyí tó ṣáájú.

Ní ọjọ́ kejì tí í ṣe Sunday, Tabitha wọ aṣọ funfun rẹ̀, Àbdùlláhì wọ jálámíà àti fìlà, wọ́n jọ rìn láti Abúlé Òkúta dé ṣọ́ọ̀ṣì etí ọ̀sà. Àwọn èèyàn ń yọjú wò wọ́n. Lẹ́nu ọ̀nà, Tabitha bọ́ bàtà, Àbdùlláhì sì yí padà láti máa lọ. Ni Bàbá Wonder bá jáde láti inú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú àwọn àgbà ìjọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó di Àbdùlláhì lọ́wọ́ mú, ó sì yí i sí wọn.

"Àna mi nìyí," ni ó wí. "Òun ló sin ọmọ mi wá. Ẹ kí i."

Wọ́n kí i lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn tó wà ní oríta lọ́jọ́ tó fi apẹja ṣẹ̀sín.